Ẹ̀dọ̀fóró Tí Kò Dé Ìsàlẹ̀

Kí káfíńtà tó gbé omi mì, ó fi ìka méjì lé ọ̀fun rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi wọ́n lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó di ìlẹ̀kùn mú kí atẹ́gùn má baà gbá a dé. Ó dijú, ó dúró díẹ̀, omi náà lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni rí òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i. Ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì nídìí fèrèsé, ẹ̀yìn ló kọ sí tábìlì, ṣùgbọ́n gíláàsì fèrèsé ń fi gbogbo yàrá hàn án.

"Ìgbà wo nìyẹn bẹ̀rẹ̀?"

"Èwo, Àǹtí mi?"

"Ìka tó o fi ń ti omi lọ."

"Ẹ̀yin náà ò jẹ́ kéèyàn mumi nínú ilé yín. Ó ti ṣe díẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mo gbé ìṣó mì. Ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láti kékeré ni mo ti ń fẹnu kó ìṣó."

Ọkọ obìnrin náà rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ife tíì rẹ̀. "Àna mi, ẹ sọ fún Ẹ-Má-Mira nídìí ẹ̀rọ ìtọ́jú yín kó fi òòfà fà á jáde."

"Ẹni yẹn? Tó bá lọ rí òòfà, ó parí nìyẹn. Mi ò tún ní mira mọ́ láé."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Dókítà ti sọ níṣojú rẹ̀ pé ọ̀fun yóò dun aláìsàn nígbà tí ìtọ́jú bá ń lọ sópin. Ìtọ́jú káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì ni.

Káfíńtà ni bàbá wọn náà, kó tó kú. Ọmọkùnrin jogún ayùn àti òòlù. Ọmọbìnrin ò jogún irinṣẹ́. Yunifásítì ló lọ, ó kọ́ ìṣirò, ó sì bá ìṣirò dé ilé ìwòsàn ńlá, sí yàrá kan nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣirò iye ìtànṣán tí ẹ̀rọ yóò fi sí ara ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Oníṣirò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá yàrá náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sí iléèwé níbòmíràn, yàrá rẹ̀ sì ṣófo; ibẹ̀ ni káfíńtà ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti rí nǹkan kan nínú àyà rẹ̀. Ìwé ìtàn ọmọdé ló kún ibẹ̀. Ó ní òun ti kà wọ́n tán, pé ìtàn ọ̀bọ kan ló mú orí òun wú jù.

Tọkọtaya náà fi í sílẹ̀ nídìí tábìlì, wọ́n lọ síṣẹ́. Ọ̀sán ló yẹ kí káfíńtà wá gba ìtànṣán tirẹ̀.

Obìnrin náà ò bọ́ kóòtù tó fi tan kọ̀ǹpútà. Ó pe ìṣirò àbúrò rẹ̀ jáde, ó jókòó, ó ń wò ó. Ohun gbogbo wà níbi tó yẹ kó wà. Àrùn náà wà lójú àwòrán, ó rí roboto, ó kéré ju ẹyin lọ. Ìwọ̀n ìtànṣán tó yẹ kó kan ọ̀nà ọ̀fun kéré. Ìwọ̀n tó yẹ kó kan okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn kéré sí i. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kò yẹ kí ìka kankan wà lọ́fun ẹnikẹ́ni.

Ètò tó ń ṣe ìṣirò yìí dà bí ilé alájà mẹ́ta. Ìlànà kan wà lókè tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà: ibi tí àrùn wà, ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ìlànà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ló ń tẹ̀ lé ìtànṣán wọ inú ara, tó ń sọ ibi tó dé àti bí agbára rẹ̀ ṣe kù sí. Èyí tó wà láàárín kò níṣẹ́ méjì: kó gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni òkè, kó gbé e fún ẹni ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìlànà àárín ò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ náà ni yóò ṣe jẹ́ ẹ.

Nínú ẹrù yẹn, àwọn kan pọn dandan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bó bá wù ọ́ o fún un, bí kò bá wù ọ́ o mú un dání, ìlànà ò ní bínú. Bó-bá-wù-ọ́ ni orúkọ wọn nínú yàrá náà. Mẹ́ta ni wọ́n: àwòrán ẹ̀dọ̀fóró, bí aláìsàn ṣe ń mí, àti bí wọ́n ṣe tẹ ibùsùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀dọ̀fóró ò bá dé ìsàlẹ̀, ìlànà ìsàlẹ̀ ò ní béèrè pé ẹ̀dọ̀fóró dà. Yóò kàn gbà pé omi ni èèyàn láti awọ dé egungun. Fún itan, irọ́ yẹn kéré. Fún àyà, níbi tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, irọ́ ńlá ni. Ẹ̀rọ yóò fi agbára tó yẹ fún odò gún ibi tí omi ò sí, ohun tó bá sì wà lódìkejì ni yóò jìyà rẹ̀.

Ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya náà nígbà kan, ìlànà àárín yìí. Ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Nínú èdè tí wọ́n fi kọ ètò náà, èdè àwọn onísáyẹ́ǹsì tó ti pẹ́ láyé, ohun tí kò sí ṣe é gbé kọjá. Bí ẹni òkè ò bá fún ẹni àárín ní ẹ̀dọ̀fóró, ẹni àárín lè na àìsí rẹ̀ sí ẹni ìsàlẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun, ẹni ìsàlẹ̀ yóò sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé kò sí. Ìlà kan péré ni. Obìnrin náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò gbà.

"Báwo lèèyàn ṣe ń gbé ohun tí kò sí ránṣẹ́?" ló ń bi í, ní ilé, lórí oúnjẹ. "Ṣé kí n gbé àwo òfìfo ka iwájú àlejò?"

"Àlejò náà á rí i pé òfìfo ni. Ó lójú."

"Ìwọ lo mọ irú àlejò tó ń wá sílé tìrẹ."

Èdè mìíràn ni ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́, níbi tó jẹ́ pé bí o bá fọwọ́ kan ohun tí kò sí, gbogbo ètò yóò ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nítorí náà ó fi ìbéèrè dí ọ̀nà. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró wà? Ṣé mímí wà? Ṣé títẹ̀ ibùsùn wà? Ìbéèrè kan pín ọ̀nà sí méjì, èkejì pín in sí mẹ́rin, ẹ̀kẹta sọ ọ́ di mẹ́jọ. Ọ̀nà mẹ́jọ, níbi tí ìlà kan ì bá ti tó.

Òfin yàrá wọn ni pé iṣẹ́ ẹnì kan kì í dé ọ̀dọ̀ aláìsàn láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á. Obìnrin náà ni ẹlòmíràn. Ó kà á ní ọ̀sẹ̀ tí ìjà náà ti sú u, tó fẹ́ kí ilé rọrùn. Ọ̀nà mẹ́jọ náà jọra wọn bí àgùntàn ọmọ ìyá kan. Ó kà wọ́n, ó ní ó dáa.

Ó fọwọ́ lé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà báyìí, ó yọ àwòrán ẹ̀dọ̀fóró àbúrò rẹ̀ kúrò nínú ẹrù. Ó ní kí ètò tún un ṣirò. Iye jáde.

Iye náà ni.

Ó rò pé òun ò fi ohun tóun ṣe pamọ́ sínú ètò. Ó tún un ṣe. Iye náà ni. Nígbà náà ló dá ẹ̀dọ̀fóró padà, ṣùgbọ́n ó purọ́ fún ètò: ó ní irin ni. Ó sọ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì di irin tó wúwo, ohun tí ìtànṣán ò ní rí ọ̀nà gbà níbẹ̀ rárá. Ètò ṣirò. Iye náà ò mì. Àbúrò rẹ̀ ń fi irin mí lójú kọ̀ǹpútà, kò sì sí ohun tó yí padà.

Ó yọ mímí kúrò. Kíá, iye náà fò bí tata.

Ó wá mọ ọ̀nà tí yóò wò. Ó ṣí ìlànà àárín, ó fi ìka tọ àwọn oríta rẹ̀ sísàlẹ̀, ó dé ibi tí ẹ̀dọ̀fóró wà tí mímí náà sì wà. Ìlà tó wà níbẹ̀ gbé mímí fún ẹni ìsàlẹ̀. Kò gbé ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti béèrè bóyá ó wà, wọ́n ti dáhùn pé ó wà, ó sì fi í sílẹ̀ sí oríta, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ó jókòó síbẹ̀ títí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn fúnra rẹ̀.

Ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ wà lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bá a tó ń gé èékánná sínú ìdérí ife.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ló dé?"

"Ẹ kọ́kọ́ wá ná."

Ó wá, ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Obìnrin náà sọ ẹ̀dọ̀fóró di irin níṣojú rẹ̀.

"O ò fi pamọ́ ni."

"Mo fi pamọ́. Ẹ ṣe é fúnra yín."

Ó na ọwọ́ kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó ṣe é. Ó tún un ṣe. Obìnrin náà ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí.

"Bàbá Ike yege," ni ọkùnrin náà sọ. "Gbogbo ìdánwò ló yege. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

Bàbá Ike ni ère èèyàn tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí ẹ̀rọ láti dán ìṣirò wò. Ike ni ara rẹ̀, fóòmù ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti dé e ní fìlà rí.

"Bàbá Ike kì í mí, Dádì."

Obìnrin náà fi ìlà náà hàn án. Ó tẹ̀ síwájú, ó kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ ara rẹ̀ lára ibojì.

"Ọ̀rọ̀ kan ni," ló sọ. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan ni lóòótọ́."

Ó lọ ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Gbọ́, Ìyá Ọmọ. Mo lè tún un ṣe báyìí, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìṣirò tuntun ni wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀ lónìí. Èyí tó kù, a óò dín in kù díẹ̀díẹ̀ láti fi dọ́gba."

"Èyí tó ti wọlé ńkọ́? Ẹ óò dín ìyẹn náà kù?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Àwọn aláìsàn tó kù tí tiwọn jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró àti mímí ńkọ́?"

"Tá a bá sọ ọ́, wọ́n á ti yàrá ẹ̀rọ pa. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní ṣí i fún oṣù mélòó kan. Ro ti àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lókè, tí wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ. Obìnrin tó ní ti ọmú, ọkùnrin tó ní ti ahọ́n, kí ni tiwọn ṣe? Ibo lo fẹ́ kí wọ́n lọ?"

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Obìnrin náà wo aago ògiri. Ó ronú pé ó ṣì kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, pé òun lè kọ́kọ́ lọ rí Dókítà Àgbà, kí òun bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ó tan ojú àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, èyí tó ń fi yàrá ẹ̀rọ hàn wọ́n, láti mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ti wà lórí ibùsùn, ọwọ́ méjèèjì lókè orí, aṣọ ilé ìwòsàn ti ká sókè láyà rẹ̀. Ẹnì kan ti pa ọjọ́ jẹ, wọ́n sì ti gbé káfíńtà sí àyè rẹ̀.

Kò rántí bó ṣe gun àtẹ̀gùn. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ níbẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Ẹ-Má-Mira jókòó síwájú bọ́tìnnì rẹ̀, gíláàsì nípọn láàárín òun àti aláìsàn. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Káfíńtà, ẹ má mira o. Ẹ fa èémí sínú. Ẹ mú un dání."

"Má tẹ̀ ẹ́."

"Oníṣirò, ẹ káàárọ̀. Kí ló ṣe bàtà yín?"

"Jọ̀ọ́, má tẹ̀ ẹ́. Gbé e kúrò níbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Dókítà ni?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín dá a dúró. Ẹ mọ òfin. Ẹ jẹ́ kí n parí tòní, ìṣẹ́jú péré ni, ká wá jọ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó ti mú èémí dání, ẹ ò rí i?"

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára ògiri, gíláàsì ni wọ́n fi bò ó. Oníṣirò fi ìgúnpá fọ́ gíláàsì náà, ó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ìró inú yàrá náà kú. Wọn ò mọ̀ pé ìró pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ àfìgbà tó kú. Lẹ́yìn gíláàsì nípọn, káfíńtà ṣì mú èémí dání. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó mí.

"Ẹ mí," ni Ẹ-Má-Mira sọ nígbà tó yá. "Káfíńtà, ẹ mí."

Dókítà Àgbà ò bínú. Obìnrin náà ì bá fẹ́ kó bínú. Ó bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó fa àga, ó ní kí wọ́n fi hàn òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi hàn án. Ó ní kí wọ́n tún ìlà náà ṣe, kí wọ́n sì ṣirò gbogbo èyí tí káfíńtà ti gbà, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní ipò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló tún un ṣe. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́, kò la oríta kankan. Ó pa ọ̀nà mẹ́jọ rẹ́, ó kọ ìlà kan, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní. Ìka rẹ̀ ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀.

Iye tuntun jáde. Dókítà Àgbà sún mọ́ ọn.

"Èyí tó wà lójú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn yìí, ṣé ti gbogbo ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni?"

"Rárá, sà," ni obìnrin náà dáhùn. "Èyí tó ti gbà ni."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Dókítà tún un kà. "Nígbà náà, a ò lè fi ẹyọ kan kún un. Tá a bá fi kún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ."

"Tí a ò bá fi kún un ńkọ́?"

"Ohun tó wà láyà rẹ̀ ò tíì kú. Ó fara pa ni."

"Òògùn ńkọ́, sà?"

"Òun la kọ́kọ́ lò. Ẹ rántí."

"Iṣẹ́ abẹ."

"Ibi tó wà ò ṣe é gé, Oníṣirò." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ẹja náà nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ọkọ rẹ̀ dìde lórí àga. "Èmi ni mo kọ ọ́, sà," ló sọ.

"Mi ò tíì béèrè ìyẹn," ni Dókítà Àgbà dáhùn. "Orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró àti mímí ni mo ń béèrè. Lẹ́yìn náà, ta ni yóò sọ fún káfíńtà?"

"Èmi ni," ni obìnrin náà sọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Aṣọ ìkélé ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, àpótí ìjókòó kan ló wà níbẹ̀. Káfíńtà jókòó lórí rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwòsàn, ó ń fi èékánná họ ẹsẹ̀ àpótí náà.

"Wọn ò fi àtè kan sára èyí rárá," ló sọ. "Ìṣó nìkan. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fọ́ gíláàsì."

"Èmi ni."

"Ẹ-Má-Mira fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní bọ́tìnnì yẹn, òun máa ń fi aṣọ nù ún láràárọ̀ ni, òun ò mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́." Ó wo ìgúnpá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn."

"Kékeré ni."

Kò síbi ìjókòó kejì, obìnrin náà sì jókòó sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti àbúrò rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un. Kò pe ọ̀nà mẹ́jọ, kò pe bó-bá-wù-ọ́. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló wà láyà rẹ̀. Ó ní omi ló rò pé ó ń gún. Ó ní ohun tó yẹ kó kan àrùn kọjá lára àrùn, ó lọ kan ọ̀fun, ó lọ kan ẹ̀yìn.

Káfíńtà gbọ́ ọ.

"Ìṣó kọ́ nìyẹn, ẹ̀n," ló sọ.

"Ìṣó kọ́."

"Tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ṣé ìgbà yẹn la máa wá bẹ̀rẹ̀ padà?"

"Rárá."

"Ṣé rárá ti òní ni, àbí rárá ti ọ̀sẹ̀ yìí?"

Obìnrin náà nu ẹ̀jẹ̀ ìgúnpá rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kóòtù.

"Àǹtí mi."

"Rárá ni, àbúrò mi. Kò ṣe é fi kún mọ́. Tá a bá fi kún un, ẹsẹ̀ rẹ á rọ."

Níta, wọ́n ń gbọ́ àwọn ará bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan ń sọ pé òun ti mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí á kú, láti ìgbà tó ti ń dún bí ológbò. Ẹlòmíràn ní kó yé fi ẹnu rẹ̀ pa ẹ̀rọ oníṣẹ́.

"Ta ló kọ ọ́?" ni káfíńtà béèrè.

"Dádì ló kọ ọ́. Èmi ni mo kà á, tí mo ní ó dáa."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye igi fún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ ilé ìwòsàn. Ó ti rù. Ó fi ẹsẹ̀ kan wọ ṣòkòtò, ó sinmi, ó fi èkejì wọ̀ ọ́.

"Nínú iṣẹ́ tiwa," ló sọ nígbà tó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù, "tí àga bá wó, ẹni tó jókòó ló ń ṣubú. Ẹni tó kàn án, ìdúró ló wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò fi bú yín."

"O lè bú mi. Bú mi."

"Agbára ẹ̀ ni ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so bàtà yìí. Tí mo bá tẹ̀ síwájú, àyà mi á máa há."

Ó so ó. Ó so èkejì. Ó pẹ́ lórí èkejì, ó tú u, ó tún un so, torí bí òun bá so ó tán, kò tún sí ohun tí òun yóò bá a ṣe mọ́.

"Ó ti tó, Àǹtí mi. Ẹsẹ̀ mi á kú síbẹ̀." Ó gbọ́ ohun tóun sọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìka rẹ̀ méjì sì lọ sí ọ̀fun. "Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìlẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí mo ti kàn dé àárín, ẹni tó ni ín ti ń yọ mí lẹ́nu."

"Jẹ́ kí n bá ọ lọ."

"Ẹ má bá mi lọ."

"Àbúrò mi."

"Ẹ jẹ́ n dá lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé mi. Ẹ óò gbé mi tó bó bá yá." Ó ṣí aṣọ ìkélé. Ó wẹ̀yìn. "Àti pé mi ò sùn sílé yín lónìí. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé kì í ṣe ìjà. Ó kàn jẹ́ pé bí mo bá rí wọn nídìí tábìlì lówùúrọ̀, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ."

Ó lọ. Ó fọwọ́ kan ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́ kúrò, ó ń rìn láàárín ọ̀nà bí ẹni tí kò sí ohun tó ń ṣe é. Àwọn ará bẹ́ǹṣì ń kí i pé ó dàárọ̀, káfíńtà, ó dọ̀la. Ó ń juwọ́ sí wọn.

Obìnrin náà ká aṣọ ilé ìwòsàn náà, ó fi í sórí àpótí. Ó ṣì gbóná. Ó dìde, ó jáde.

Dẹ́rẹ́bà kan jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, fìlà lórí orúnkún. Àyà ni tirẹ̀ náà. Òun náà ni Ẹ-Má-Mira máa ń ní kó mú èémí dání.

"Màdámú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n dúró?"

"Ẹ dúró. Dókítà ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀."

"Dókítà Àgbà fúnra wọn?" Inú rẹ̀ dùn, ó gbé fìlà dé orí. "Kò burú. Màá dúró. Mi ò ní ibì kankan lọ."

Ọkọ rẹ̀ ti gun àtẹ̀gùn dókè. Ó dúró níbẹ̀, bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìgúnpá obìnrin náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Ọmọ," ló sọ. "Kí ni àbúrò rẹ wí?"

Obìnrin náà gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọ̀ ọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó kọjá ìlẹ̀kùn tó lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì lórí símẹ́ńtì, ó ń lọ.